Ìpín Ìlú Nínú Ogún Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ sọ ní gbangba, nítorí ikú wà nínú rẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí náà sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ogún, àti lórí ìpín tí ìlú lè ní nínú ogún ẹni. Àwa Rẹ́mọ kì í ṣe ahun. Ẹni tó bá rìn yí ká Ṣàgámù, Ìpẹ́rù, Ògèrè àti Ìlíṣàn yóò rí àwọn tó ń san owó ilé-ìwé fọ́mọ ọlọ́mọ, àwọn tó ń ra oògùn fún aláìsàn tí kò bá wọn tan, àwọn tó gbẹ́ kànga tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú oore wọ̀nyí ló ń bá olóore wọ ibojì. Bí ẹni tó ń san owó ilé-ìwé bá kú lónìí, ọmọ tó ń bá san án yóò padà sílé ní sáà tó ń bọ̀, nítorí kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni máa bá a lọ. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ kí ohun tí òun fi òógùn ojú kó jọ ṣe ìlú lóore lẹ́yìn ikú òun, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kí ó fi lé àjọ tí òfin mọ̀ lọ́wọ́, kí ó má fi sílẹ̀ de inú rere ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá kú láìkọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ ìyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀, tó sì gbé ayé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, àgbà ọmọkùnrin yóò sì máa bójú tó o gẹ́gẹ́ bí dáwódù. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n pín ogún rẹ̀ ní ìlànà ẹ̀sìn, Kùránì ti la ìpín ìyàwó, òbí, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó ṣe ìgbéyàwó alárédè lábẹ́ òfin ìjọba, òfin ìpínlẹ̀ lórí ogún ni yóò pín in fún ọkọ tàbí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ọ̀nà mẹ́ta yìí kò jọra rárá, ìjà tó sì ń wáyé láàárín wọn nílé ẹjọ́ kò lóǹkà. Síbẹ̀ wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: kò sí èyí tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ òrukàn tí kì í ṣe ẹbí, fún ilé ìwòsàn tàbí ilé ìkàwé. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìtọrẹ àánú àti ẹni tí kò fún ẹnikẹ́ni ní omi mu rí, ọgbọọgba ni wọ́n lójú òfin ní ọjọ́ tí wọ́n bá kú láìkọ ìwé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun kò ní kọ nǹkan kan, pé kí wọ́n pín in bí ó ṣe yẹ, ti yọ ìlú kúrò nínú ogún rẹ̀ láìmọ̀.

Ìhágún gan-an kò ṣàjèjì sí wa. Kí ìwé tó dé ni àwọn baba wa ti ń pe ọmọ àti àbúrò jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí wọ́n ń sọ ẹni tí oko yóò kàn àti ẹni tí gbèsè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbí sì máa ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ohun ìní wa ti kúrò ní oko obì àti ilé alámọ̀ nìkan. Ó ti di ilé tí ayálégbé ń gbé ní Ṣàgámù, ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, owó báńkì, owó ìfẹ̀yìntì, ìpín nínú iléeṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè gba owó lọ́wọ́ báńkì. Òfin ìwé ìhágún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1958 ni ti ìpínlẹ̀ Ògùn ti wá nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1976. Ohun tó béèrè kò le: kí ọ̀rọ̀ náà wà ní kíkọ, kí olóhun fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn ẹlẹ́rìí náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ẹni tí a fún ní nǹkan nínú ìwé náà kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí yóò pàdánù ohun tí a fún un. Mo fẹ́ kí àwọn pásítọ̀ àti lèmọ́mù wa gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọmọ ìjọ bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún ìjọ, kí ẹni tó ń ṣe olórí ìjọ náà má jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí ẹnu má bàa kùn ún lọ́la.

Òfin yìí kan náà pààlà fún wa. Ó ní àṣẹ tí ènìyàn ní láti há ohun ìní rẹ̀ kò gbọdọ̀ tàpá sí àṣà ìbílẹ̀ tó de ohun ìní náà, èyí túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó lè há ohun tó jẹ́ ti ẹbí. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ìtọrẹ àánú ti ń forí ṣánpọ́n ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, nítorí ilẹ̀ ẹbí pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kéékèèké para pọ̀ di Ṣàgámù, ọ̀pọ̀ agboolé tó wà ní Ọ̀fin àti Mákùn lónìí ló sì ti wà lọ́wọ́ ẹbí láti ìgbà náà. Oko obì tí baba baba ènìyàn gbìn, tó ń kórè rẹ̀ lọ tà fún àwọn Hausa ní Sábo, tirẹ̀ ni obì tó ká, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ilé tí ènìyàn kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí náà lè di àríyànjiyàn. Ẹni tó bá fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé tàbí ìjọ ti fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún wọn ni. Ohun tó mọ́ gaara ni èyí tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí ìwé rẹ̀ sì wà ní orúkọ rẹ̀. Èmi gbà pé owó lásán ló sàn jù láti fi tọrẹ lẹ́yìn ikú, tàbí ìdá kan nínú ohun tó bá kù, nítorí owó kì í ní ààlà ilẹ̀.

Bí ẹnì kan bá rò pé mo ń fi ẹjọ́ dẹ́rù bà á, kí ó rántí ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole. Baba kan kú ní Èkó láìkọ ìwé, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín owó ilé rẹ̀, kí agboolé ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Ẹjọ́ náà gba ilé ẹjọ́ gíga kọjá, ó gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà kọjá, ó rékọjá òkun lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní London, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé olórí ẹbí lè yàn láti lo orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ka ẹjọ́ yìí títí dòní nítorí ohun tó kọ́ wa nípa àṣà. Èmi ń kà á nítorí owó. Gbogbo ohun tí àwọn lọ́yà gbà láti kóòtù kan sí èkejì, láti inú ogún kan náà tàbí láti àpò àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló ti jáde. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí baba bá kọ ì bá ti parí rẹ̀, ì bá sì ṣẹ́kù tí yóò tó fún ọmọ àti fún àánú.

Nígbà tí a bá ń wá àpẹẹrẹ, a kò ní láti lọ jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1909, kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1987. Àjọ tí a mọ̀ sí Obafemi Awolowo Foundation bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ìyẹn ni ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ti ṣe àpérò, ó ti dá ẹ̀bùn ìdarí tó dára sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní 2013. Iṣẹ́ rere ni, mo sì gbóríyìn fún àwọn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ìyàwó rẹ̀, Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, wà láàyè títí di 2015, àwọn ọmọ rẹ̀ kàwé, orúkọ baba náà sì ń ṣí ilẹ̀kùn káàkiri Nàìjíríà. Mélòó nínú wa ni ẹbí rẹ̀ yóò ní irú agbára bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ oníṣòwò obì, ọmọ tíṣà, ọmọ awakọ̀ tó ní ilé méjì, wọ́n lè fẹ́ràn baba wọn bí ojú, kí wọ́n má sì mọ ibi tí a ti ń dá àjọ sílẹ̀. Àwa tí orúkọ wa kò tó ti Awólọ́wọ̀ ló yẹ ká tètè kọ ọ́ jù.

Ní ìlú kan náà ni Táí Ṣólàrín ti dá Mayflower School sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1956, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Mólúsì, Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò dúró de ogún. Gbogbo ohun tó ní, agbára rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ló fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà tó wà láàyè. Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà dáko, wọ́n sin ẹran, wọ́n bá a mọ ilé tí wọ́n ń kàwé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún mi pé fífúnni nígbà tí ènìyàn wà láàyè ló dára jù, Ṣólàrín ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, n kò sì lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé, Mayflower wà nínú wọn, àṣẹ lórí ẹni tí yóò kọ́ni níbẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe náwó sì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ṣólàrín kú ní 1994, Sheila tẹ̀ lé e ní 2012. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ṣì ń kówó jọ láti fi ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wa ni pé ilé nìkan kò tó fi tọrẹ. Ilé tí kò ní àpò owó tirẹ̀, tí kò sì sí lọ́wọ́ àwọn alámòójútó tí òfin dá mọ̀, ọwọ́ ẹni tó bá lágbára jù ni yóò bọ́ sí. Bí olùfúnni kan bá fẹ́ fi yàrá ìkàwé sílẹ̀ fún ilé-ìwé abúlé rẹ̀, kí ó fi owó òrùlé, owó iná àti owó ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewúrẹ́ ni yóò jogún rẹ̀.

Èèyàn nílé lóko ló ń gbọ́ nípa ẹ̀bùn Nobel, ṣùgbọ́n ìtàn ìwé ìhágún tó bí i ṣe pàtàkì fún wa. Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó fi ẹ̀tù abúgbàù di olówó, fọwọ́ sí ìwé ìhágún rẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá 1895. Ó kú ní ọdún kejì, ọjọ́ 10 oṣù kejìlá 1896. Owó tó fi sílẹ̀ fún ẹ̀bùn náà lé ní mílíọ̀nù 31 owó kronor. Àmọ́ Nobel kò pe lọ́yà sí i nígbà tó ń kọ ọ́, àjọ tó ní kí wọ́n kó owó náà fún kò sì tíì sí láyé. Àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ń jiyàn pàápàá lórí orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ ilé rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní kí wọ́n máa yan àwọn tí yóò gbà á kò tètè gbà, nítorí kò bi wọ́n kó tó kọ orúkọ wọn. Ragnar Sohlman, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi ṣe alámòójútó ogún rẹ̀, ló sáré sókè sódò. Ohun tó tú u sílẹ̀ ni pé Emanuel, ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé, sọ pé òun yóò bọ̀wọ̀ fún ohun tí bàbá náà fẹ́. Ọdún 1900 ni àjọ náà tó fìdí múlẹ̀, 1901 ni wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn. Bí ọkùnrin tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè fi ìdààmú ọdún mẹ́rin sílẹ̀ nítorí kò pe lọ́yà, tí kò sì sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ó yẹ kí àwa kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn ni pé ohun tí mo ní kò tó ọmọ mi, kí ni n ó fi fún ìlú? Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ìwàásù bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ti bá a jà fún ìgbà pípẹ́, ìdáhùn wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Sa'd ọmọ Abi Waqqas ṣàìsàn, ó sì bi Ànábì bóyá kí òun fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun ìní òun ṣe sàráà. Ó ní rárá. Ó bi í nípa ìdajì, ó ní rárá. Ó wá gbà á láyè ìdá kan nínú mẹ́ta, ó tún ní ìyẹn gan-an pọ̀, nítorí ó sàn kí ènìyàn fi àwọn tó ń jogún rẹ̀ sílẹ̀ ní ipò tó dára ju kí wọ́n máa ṣagbe lọ. Orí èyí ni òfin Ìsìláàmù dúró lé pé ìhágún olóògbé kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún. Ìlànà yìí dáàbò bo ọmọ, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àánú. Onígbàgbọ́ tó mọ ìdámẹ́wàá kò nílò kí n kọ́ ọ ní ìṣirò. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́fà tó sì fi ìdá kan nínú ogún sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn, ìdá mọ́kàndínlógún ni ọmọ mẹ́fà náà yóò pín. Kò sí ọmọ tí yóò torí ìdá kan yẹn di tálákà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ ẹni ṣì kéré, tí ó sì ń wá owó ilé-ìwé, kí a kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ gbà, kí àánú dúró de ìgbà tí àbíkẹ́yìn bá kàwé tán.

Àwọn mìíràn ní ẹni tó kọ ìwé ìhágún ń pe ikú. Èmi kò gbà pé ohun tí àwa Rẹ́mọ gbà gbọ́ nìyẹn, nítorí ìwà wa kò jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa pa aṣọ tí wọn yóò fi sin wọ́n mọ́ sínú àpótí. Àwọn baba wa a máa sọ iyàrá tí wọn yóò sin àwọn sí. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ àdúgbò ń dá owó òkú sílẹ̀ lóṣooṣù, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù láti san tirẹ̀. A ti ń múra ikú sílẹ̀ tipẹ́, ìsìnkú nìkan la ń múra fún. Ẹni tó bá ti mọ màlúù tí wọn yóò pa níbi òkú rẹ̀, tó mọ aṣọ ẹbí tí wọn yóò dá, tó mọ olórin tí wọn yóò pè, ti ronú kan ikú ju ẹni tó kọ ojú ìwé kan fún lọ́yà lọ. Mi ò sọ pé kí a má ṣe òkú àgbà. Mo ní kí ẹni tó lè sọ iye màlúù sọ iye àánú pẹ̀lú, nítorí inú àpò kan náà ni méjèèjì ti ń jáde.

Èyí tó wúwo jù nínú àwọn àtakò ni ti olè jíjà. Wọ́n ní bí a bá fi owó sílẹ̀ fún àjọ, àwọn alága yóò kó o jẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀, yóò sì tún ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá sẹ́ ẹ kò sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ọ̀nà tí olè fi ń wọlé. Ó rọrùn fún un jù níbi tí owó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí kò sí ìwé, tí kò sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́. Òfin CAMA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, tí wọ́n tún ṣe ní 2020, gbà kí ẹgbẹ́ tàbí ìjọ lọ forúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àjọ náà di ẹni tó lè ní ilẹ̀, tó lè pe ẹjọ́, tí a sì lè pè lẹ́jọ́, kì í sì í kú bí àwọn alámòójútó bá kú. Òfin kò gbà kí wọ́n pín owó rẹ̀ láàárín ara wọn bí èrè. Òfin 2020 náà fún CAC ní agbára láti dá àwọn alámòójútó tó hùwà jẹgúdújẹrá dúró, àwọn ìjọ kan sì ti bínú sí agbára yìí, wọ́n ní ó pọ̀ jù. Bí ó ti wù kó rí, ibi tí òfin ti lè wọlé sàn fún owó òkú ju ibi tí kò ti lè wọlé lọ. Kí ènìyàn tó kọ orúkọ àjọ kan sínú ìwé rẹ̀, kí ó béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó béèrè ìṣirò owó ọdún tó kọjá, kí ó sì fún wọn ní owó kékeré nígbà tó ṣì wà láàyè kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ná an. Àjọ tí kò lè sọ bí ó ṣe ná owó kékeré lójú olóhun, kí wọ́n má fún un ní ńlá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí gbólóhùn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí ṣe lè rí nínú ìwé. Lọ́yà yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ nìyí: “Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san gbèsè mi, owó ìsìnkú mi àti owó tí kóòtù yóò gbà, mo fi ìdá kan nínú ogún ohun tó bá kù fún àjọ báyìí-báyìí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe wà lọ́dọ̀ CAC, kí wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí òbí wọn kò lè san owó ilé ìwòsàn. Bí àjọ náà kò bá sí mọ́ ní ọjọ́ tí mo bá kú, kí àwọn alámòójútó ogún mi fún àjọ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.” Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ní ìdí. Gbèsè ló ṣáájú, nítorí ẹni tó jẹ gbèsè kò lè fi owó olówó ṣàánú. A kọ ìdá, a kò kọ iye, nítorí náírà kì í dúró lójú kan: ẹni tó kọ ẹgbàárùn-ún náírà sílẹ̀ ní 1985 rò pé owó ọkọ̀ ni òun fi tọrẹ, lónìí kò tó àbọ̀ àpò ìrẹsì. A kọ orúkọ bí ó ṣe wà lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí bí ènìyàn bá kọ “ṣọ́ọ̀ṣì wa” tàbí “ilé-ìwòsàn Ṣàgámù” lásán, ẹni mẹ́ta lè jáde wá pé àwọn ni. A sọ iṣẹ́ tí owó yóò ṣe, ṣùgbọ́n a kò so ó mọ́ oògùn kan tàbí ẹ̀rọ kan tó lè di àlòkù lọ́la. A sì fi arọ́pò sílẹ̀, nítorí àjọ pẹ̀lú lè tú ká.

Ní ti ibi tí a lè fi owó náà sí, ilẹ̀ wa kò ṣe aláìní. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣàgámù láti 1986, aláìsàn tí owó rẹ̀ kò tó kì í wọ́n níbẹ̀. Remo Secondary School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 ti bí ọmọ tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní abúlé tí kò sí lẹ́bàá ọ̀nà ló sì ká mi lára jù, nítorí kò sí olóyè tó ń kọjá níwájú wọn. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́, ìjọba Awólọ́wọ̀ sì fi hàn ní oṣù kìíní 1955 pé ìjọba lè ṣe é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sórí ilẹ̀ lónìí yóò ti dàgbà kí ìjọba tó rántí rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ Rẹ́mọ tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí tún ní owó nínú. Ní Nàìjíríà, òfin owó-orí lórí ogún tí wọ́n ṣe ní 1979 ti kúrò nílẹ̀ láti 1996, nítorí náà kò sí ẹ̀dínwó tí ìjọba yóò fún ẹni tó bá tọrẹ. Ní Britain, ìjọba ń gba ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lórí apá ogún tó bá ju 325,000 pọ́n-ùn lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún àjọ aláàánú kò ní owó-orí, láti 2012 sì ni ẹni tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ogún rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń san ìdá mẹ́rìndínlógójì dípò ogójì lórí èyí tó kù. Àmọ́ àjọ tí Britain fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n kà sí, nítorí náà ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó wà ní London tó fẹ́ ran Ìkẹ́nnẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àjọ tó forúkọ sílẹ̀ ní Britain. Fún tilé toko, ẹ má ṣe gbàgbé pé orúkọ tí ẹ kọ sí báńkì pé òun ni ìbátan yín tó sún mọ́ yín jù kò sọ ẹni náà di ajogún. Ẹni tí báńkì yóò kàn sí ni.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ kí ọdún yìí tó parí, kí ẹ sọ ìdá tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ìlú àti ìdí rẹ̀ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ẹnu lọ́yà lẹ́yìn ìsìnkú. Kí ẹ mú u lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, kí ẹ yan alámòójútó méjì tí ọjọ́ orí wọn kéré sí tiyín, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Ẹni tó bá tún ṣe ìgbéyàwó alárédè lẹ́yìn náà, kí ó padà lọ kọ tuntun, nítorí ìgbéyàwó náà ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.